Bí a ṣe ń fi mẹ́tàlì tó ń tàn wo DNA àti sẹ́ẹ̀lì: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì àti PhD tó ń ṣe kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì mẹ́tàlì lágbègbè wa kò kéré. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo bó ṣe rí, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń pa bakitéríà, iṣẹ́ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì náà bá ń tàn, ọ̀nà mìíràn wà níwájú rẹ̀: a lè fi í wá DNA, a sì lè fi í ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà náà láti orí ìgò kẹ́míkà títí dé ojú máíkírósíkóòpù, yálà ó wà ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, ní ti Àkùngbá tàbí ní UNIMED ní ìlú Oǹdó.

Ohun kan wà tí màá máa tẹnu mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni ohun mìíràn, yàtọ̀ sí DNA, tó lè mú un tàn, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò tó máa dáhùn. Púpọ̀ nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀rọ UV (tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń fà mu), ẹ̀rọ fluorimeter kan (tó ń wọn ìtànná) àti sùúrù ló gbà.

Ohun tó ń mú wọn tàn

Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ni átọ̀mù mẹ́tàlì kan tí àwọn mólékù tí à ń pè ní lígáńdì dì mú yíká. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá bọ́ sára kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ruthenium, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á kúrò lára mẹ́tàlì, á bọ́ sórí lígáńdì. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, agbára tó gbà á jáde gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ọsàn àti pupa. [Ru(bpy)3]2+, ìyẹn ruthenium kan tí lígáńdì bipyridine mẹ́ta dì mú, tí àwọn onímọ̀ Paris àti Brandt ròyìn ìtànná rẹ̀ ní 1959, ń fa ìmọ́lẹ̀ mu jù ní nǹkan bí 452 nm, ó sì ń tàn ní nǹkan bí 610 sí 620 nm. Àlàfo gbọọrọ yìí ṣe pàtàkì: ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ràn án kò ní dàpọ̀ mọ́ èyí tó ń tú jáde. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún máa ń pẹ́ kó tó kú. Ó ń lo ọgọ́rùn-ún nanosecond mélòó kan, nígbà tí ohun tó ń tàn fúnra rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń kú láàárín nanosecond díẹ̀.

Ní 1990, Jacqueline Barton àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé [Ru(bpy)2(dppz)]2+ jáde. Jean-Pierre Sauvage wà lára wọn, ẹni tó wá gba Nobel kẹ́mísírì ní 2016 lórí iṣẹ́ mìíràn. Nínú omi lásán, kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì yìí kò tàn débi tí ẹ̀rọ lè rí i dáadáa. Tí ẹ bá da DNA sí i, ó tàn, ìtànná rẹ̀ sì lé sí i ju ìlọ́po 10,000 lọ. Lígáńdì dppz gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Nítrójìn méjì wà lápá ìta rẹ̀ tí mólékù omi máa ń rọ̀ mọ́, omi náà á sì gba agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn dànù bí ooru. Tí dppz bá ti há sáàárín àwọn béèsì DNA, àwọn pẹlẹbẹ tó tò léra bí àtẹ̀gùn nínú rẹ̀, ọwọ́ omi kò tó nítrójìn náà mọ́, iná sì dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá lè dáàbò bo nítrójìn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ omi lè tan iná náà, ì báà jẹ́ DNA tàbí òmíràn.

Ẹ yan mẹ́tàlì yín

Ruthenium ló rọrùn jù láti kọ́ iṣẹ́ yìí lára rẹ̀. Kì í tètè tú nínú omi, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ojú ń rí ṣiṣẹ́, àwọn tó ti lò ó ṣáájú yín sì pọ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹ máa fi èsì yín wé. Ìṣòro rẹ̀ ni owó: RuCl3 kì í ṣe ohun tí ẹ ó kàn ra lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ́míkà nítòsí. Ẹ bá ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀ka dáwó jọ, kí wọ́n sì pín gíráàmù kan. Ìwọ̀n tí àyẹ̀wò DNA ń gbà kéré débi pé 50 mg kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tó mọ́ máa gbé yín jìnnà.

Tí owó kò bá sí, ẹ lọ sọ́dọ̀ zinc. Zinc acetate kò wọ́n. Tí ẹ bá da salicylaldehyde pọ̀ mọ́ diamine kan nínú ethanol, ẹ ó rí lígáńdì Schiff base, tí zinc máa dì mú láàárín wákàtí díẹ̀. Lígáńdì ló ń tàn níbí, zinc kàn dì í mú ṣinṣin ni. Ẹ má ṣe fi copper dípò zinc kí ẹ wá máa retí ìmọ́lẹ̀: copper(II) ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ẹnìkejì, ó sì sábà máa ń pa ìtànná lígáńdì. Àléébù zinc náà wà: Schiff base lè tú padà nínú omi, phosphate lè mú zinc rọ̀ sílẹ̀ bí lúbúlúbú funfun, EDTA, kẹ́míkà tó ń di mẹ́tàlì mú, sì máa já a gbà pátápátá. Ẹni tó bá ń lo zinc kò gbọ́dọ̀ lo bọ́fà phosphate (bọ́fà ni omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí padà), kò sì gbọ́dọ̀ lo DNA tí wọ́n pò sínú bọ́fà TE, nítorí E tó wà nínú TE, EDTA ni.

Iridium àti europium dára, àwòrán wọn lẹ́wà, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ọ̀nà ruthenium ni màá tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe cis-Ru(bpy)2Cl2: RuCl3, bipyridine tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ ní mole, àti LiCl púpọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú sọ́fẹ́ǹtì DMF, kó máa hó pẹ̀lú condenser fún wákàtí 8. Ọ̀nà yìí ni Sullivan, Salmon àti Meyer gbé jáde ní 1978, a ṣì ń tọ̀ ọ́ di òní. Wákàtí 8 kì í ṣe eré níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà ẹ ṣètò jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Pàtàkì jù, ẹ má gbàgbé omi tútù tó ń gba inú condenser kọjá: tí ẹ̀rọ omi bá dúró, tí heater kò sì dúró, DMF á gbẹ lórí iná. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú láàbù jálẹ̀. Ní àsìkò òjò, RuCl3 àti LiCl máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ mu lójú yín lórí òṣùwọ̀n, ẹ wọ̀n wọ́n kíákíá, kí ẹ sì tún dé ìgò wọn.

Ohun tó máa jáde lẹ́yìn tí ẹ bá fi acetone sí i, tí ẹ sì gbé e sínú fúrìjì mọ́jú, ni kírísítà dúdú tó ń tàn bí elésè àlùkò. Ẹ fi omi tútù àti ether ṣan án.

Ẹ ra dppz tí agbára yín bá ká a. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ ra phenanthroline-dione, kí ẹ sì bá o-phenylenediamine hó o nínú ethanol fún àkókò díẹ̀. Ṣíṣe dione fúnra rẹ̀ gba sulfuric acid, nitric acid àti KBr, èéfín bromine á sì jáde. Láàbù tí fume hood rẹ̀ kò fa afẹ́fẹ́ dáadáa kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún o-phenylenediamine náà, májèlé ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ da Ru(bpy)2Cl2 àti dppz pọ̀ nínú ethanol àti omi ní ìdajì-ìdajì, kó hó fún wákàtí mélòó kan. Àwọ̀ á kúrò ní elésè àlùkò, á di ọsàn tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da NH4PF6 tí ẹ ti yọ́ sínú omi sí i, kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì á rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi column alumina àti acetonitrile fọ̀ ọ́ mọ́. Irú tó ní PF6 yìí kò fẹ́ràn omi, nítorí náà ẹ yọ́ ọ sínú acetone, kí ẹ fi tetrabutylammonium chloride sí i. Irú tó ní chloride á rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì ń yọ́ nínú omi dáadáa. Ẹ fi NMR àti mass spectrometry jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá ní láti fi ránṣẹ́ síta fún èyí, ẹ dúró de èsì kí ẹ tó fọwọ́ kan DNA. Lígáńdì tó kù nínú kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tí kò mọ́ lè so mọ́ DNA fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa wọn ohun tí ẹ kò ṣe.

DNA àti bọ́fà

DNA láti ara thymus ọmọ màlúù ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò, èyí tí wọ́n ń kọ ní ct-DNA. Bọ́fà tó wọ́pọ̀ ni Tris-HCl 5 mM àti NaCl 50 mM, pH 7.2. Ẹ yọ́ DNA sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú fúrìjì mọ́jú, kí ẹ máa yí ìgò náà jẹ́jẹ́. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí 4 °C, kí ẹ sì lò ó láàárín ọjọ́ 4. Tí iná bá ń lọ, tí ó ń bọ̀, tí fúrìsà ń dì, tí ó sì ń yọ́, DNA inú rẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́. Èmi a fẹ́ kí ẹ máa po tuntun nígbà gbogbo ju kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fúrìsà.

Ẹ wọn ìmọ́tótó rẹ̀ ní 260 àti 280 nm. Tí ẹ bá pín èsì 260 sí èsì 280, tí ó wà láàárín 1.8 sí 1.9, protéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá ṣírò bó ṣe pọ̀ tó. Iye tí à ń lò ni 6600 M⁻¹cm⁻¹ fún nucleotide kọ̀ọ̀kan. Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá da 10 µL DNA sínú 990 µL bọ́fà, tí ẹ̀rọ sì ka 0.13 ní 260 nm, 0.13 pín sí 6600 jẹ́ 19.7 µM. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ìgò yín ní nǹkan bí 1.97 mM. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé nucleotide ni ẹ fi kà á. Ẹni tó fi méjì-méjì béèsì kà á á rí ìdajì iye yẹn, bí ẹnì kan bá sì fi èsì tiyín wé tirẹ̀ láìmọ̀, Kb yín, ìyẹn iye tó ń sọ bí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ṣe so mọ́ DNA tó, á yàtọ̀ síra ní ìlọ́po méjì láìsí ìdí kankan.

Ìwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ UV

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù ṣáájú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi 3 mL kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì 10 µM sínú kúfẹ́ẹ̀tì quartz, ìgò kékeré tí ẹ̀rọ ń ka. Ẹ fi bọ́fà lásán sínú kúfẹ́ẹ̀tì ìfiwéra. Ẹ wá máa fi 15 µL DNA 2 mM sínú àwọn méjèèjì pọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tí DNA fúnra rẹ̀ ń fà mu lè pa ara rẹ̀ rẹ́. 15 µL kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí 10 µM kún un. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, ẹ ka a láti 300 dé 700 nm, ẹ tún fi kún un, títí tí òkè àwòrán náà kò fi ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ tún ìwọ̀n ṣe nítorí omi tó ń pọ̀ sí i.

Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tó wọ àárín béèsì sábà máa ń fi àmì méjì hàn: òkè rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó sì máa sún díẹ̀ lọ sápá pupa. Ẹ má ṣe gba àmì méjèèjì yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tó pé. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tó kàn ń rọ̀ sísàlẹ̀ kúfẹ́ẹ̀tì náà máa ń lọ sílẹ̀. Ẹ wo apá 600 sí 700 nm, níbi tí ruthenium kò ti ń fa nǹkan mu: tí ìlà náà bá ń gòkè níbẹ̀, ohun kan ń dì nínú omi yín, ìwọ̀n ọjọ́ yẹn kò wúlò.

Láti rí Kb, ẹ ya [DNA]/(εa−εf) sí òkè, kí ẹ ya [DNA] sí ẹ̀gbẹ́. εa ni bí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu tó nígbà tí DNA wà níbẹ̀, εf ni ti ìgbà tí kò sí DNA. Ìlà tààrà ló yẹ kó jáde. Ẹ pín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà náà sí ibi tó ti gé òkè. Tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá jẹ́ 2.0 × 10⁻⁴, tí ibi tó gé jẹ́ 4.0 × 10⁻⁹, Kb jẹ́ 5 × 10⁴ M⁻¹. Ìṣirò yìí dára fún ohun tí kò so púpọ̀. Tí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì yín bá so tagbáratagbára, bíi 10⁶ sókè, ó máa ṣì yín lọ́nà, nítorí ó gbà pé DNA tó wà lófo nínú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí ẹ dà sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni nígbà tí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún irú èyí, ẹ lo ọ̀nà tí Carter, Rodriguez àti Bard lò ní 1989, tàbí ti McGhee àti von Hippel ní 1974. Mo ń rí iṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi ìlà tààrà ti ohun tí kò yẹ kó tààrà, ó sì ń dùn mí, nítorí ìwọ̀n tí wọ́n ṣe dára, ìṣirò ló bà á jẹ́.

Ìtànná nínú kúfẹ́ẹ̀tì

Ẹ fi 440 tàbí 450 nm ràn án, kí ẹ ka a láti 550 dé 800 nm. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ń fà mu níbi tí ẹ ti ràn án wà lábẹ́ 0.1, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé àárín kúfẹ́ẹ̀tì. Ooru láàbù wa jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi: ìtànná ruthenium máa ń dínkù bí ooru bá ń pọ̀. Èyí tí ẹ wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti èyí tí ẹ wọn ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta kò ní dọ́gba bí ẹ kò bá fi omi yí kúfẹ́ẹ̀tì ká kí ó wà ní 25 °C. Ẹ kọ iye ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò márùn-ún yìí lórí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì kan náà: bọ́fà lásán, bọ́fà pẹ̀lú DNA, bọ́fà pẹ̀lú RNA, bọ́fà pẹ̀lú albumin màlúù (protéènì ni), àti bọ́fà pẹ̀lú SDS, ìyẹn ọṣẹ láàbù. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì dppz lè tàn nínú ọṣẹ, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ ń lé omi kúrò lára nítrójìn wọ̀nyẹn. Ara sẹ́ẹ̀lì náà sì ní ọ̀rá, nínú awọ rẹ̀ àti nínú àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí èyí nínú kúfẹ́ẹ̀tì kò ní yára kígbe pé DNA ni òun rí nígbà tó bá dé orí máíkírósíkóòpù.

Àyẹ̀wò ferrocyanide tún dára, kò sì wọ́n. Ferrocyanide máa ń pa ìtànná ruthenium, ṣùgbọ́n ṣáàjì rẹ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, ti DNA náà sì jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, wọ́n ń ti ara wọn. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tó so mọ́ DNA á wà lábẹ́ ààbò, èyí tó wà lófo nínú omi á kú. Nítorí pé dppz kì í tàn nínú omi, [Ru(bpy)3]2+ ni kí ẹ fi kọ́ àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó lò ó fún tiyín. Ẹ ya I₀/I sí òkè (I₀ ni ìtànná kí ferrocyanide tó wọlé, I ni èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀), ferrocyanide sí ẹ̀gbẹ́, bí ìlà náà bá ṣe tẹ́ tó ni ààbò náà ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bí omi DNA ṣe ki tó pẹ̀lú viscometer gíláàsì nínú omi tí ooru rẹ̀ kì í yí padà. Béèsì méjì máa ń jìnnà síra ní 3.4 angstrom. Tí ohun kan bá wọ àárín wọn, àlàfo náà á fẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po méjì, DNA á gùn sí i, omi rẹ̀ á sì ki sí i. Lerman ló ṣàlàyé ọ̀nà ìwọlé yìí ní 1961. Ohun tó kàn lẹ̀ mọ́ ara DNA kì í mú un gùn bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, viscometer gíláàsì yìí ń sọ òtítọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ lórí ọ̀rọ̀ wíwọ àárín béèsì, ó sì yà mí lẹ́nu pé a ti fi í sílẹ̀ kó máa gba eruku.

Ẹ fi alùbọ́sà kọ́ ojú yín

Kí ẹ tó gba ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ẹ ra alùbọ́sà ní Ọjà Ọba. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, ẹ fi í sínú ethanol mẹ́ta sí acetic acid kan fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi bọ́fà ṣan án dáadáa. Ẹ fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì 20 sí 50 µM sí i nínú òkùnkùn fún ìdajì wákàtí, ẹ tún ṣan án, ẹ gbé e sórí gíláàsì.

Ọ̀pọ̀ máíkírósíkóòpù ní sẹ́ẹ̀tì asẹ́ ìmọ́lẹ̀ (filter) mẹ́ta, tí wọ́n fi orúkọ àwọ̀ tí wọ́n ṣe wọ́n fún pè: ti DAPI, ti FITC, ti TRITC. Kò sí ìkankan tí wọ́n ṣe fún ruthenium. TRITC tàn pupa, ọwọ́ á sì fẹ́ lọ sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ló fi ń ràn nǹkan, ruthenium kì í sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á mu. Ti FITC tí ẹnu ìjáde rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí apá pupa ló súnmọ́ jù: búlúù wọlé, ọsàn jáde. Bí ẹ bá lè ra gíláàsì kan tó ń gba ohun tó ju 590 nm lọ nìkan kọjá, ẹ fi í sí ẹnu kámẹ́rà, ìtànná àwọ̀ ewé tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde fúnra rẹ̀ á dínkù gan-an.

Gíláàsì mẹ́rin ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò fi nǹkan kan sí, kí ẹ mọ ohun tí alùbọ́sà ń tàn fúnra rẹ̀, nítorí ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko máa ń tàn díẹ̀. Èyí tí ẹ fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì dppz sí. Èyí tí ẹ fi [Ru(bpy)3]2+ sí, tó ń tàn bóyá DNA wà tàbí kò sí, tí ẹ ó fi mọ ibi tí ṣáàjì pọ́sítífù nìkan lè gbé e dé. Èyí tí ẹ fi DNase jẹ DNA rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì sí i. Tí núkílíọ́sì, ibi tí DNA ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì, bá ń tàn nínú gíláàsì kejì, tó sì ṣú nínú ẹ̀kẹrin, ẹ ní ohun kan lọ́wọ́.

Ẹ lè ṣe bákan náà fún sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: ẹ fi òwú nù ún, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi methanol sí i fún ìṣẹ́jú 5. Àwọn bakitéríà ẹnu náà á tàn bí àmì kéékèèké, nítorí àwọn náà ní DNA. Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ìdọ̀tí.

Sẹ́ẹ̀lì ààyè

Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks ní 1951, ni wọ́n máa ń lò jù. Wọ́n ń gbé ní 37 °C pẹ̀lú CO2 5%, wọn kò sì lè fara da kí iná lọ fún wákàtí gígùn. Bí láàbù yín kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ bá àwọn tó ń ṣe é ṣe àdéhùn. Láti Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó kò jìnnà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì yóò sì rí ohun tí ojú oníkẹ́mísírì kò rí. Ẹ gbé kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì lọ ní gbígbẹ nínú ìgò tí ẹ fi fóìlì wé. Ẹ má gbé e lọ nínú omi.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe MTT, àyẹ̀wò tó ń fi bí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ṣe pọ̀ tó hàn, láti mọ ìwọ̀n tó ń pa sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì ya àwòrán ní ìwọ̀n tó kéré sí i dáadáa. DMSO, sọ́fẹ́ǹtì tí ẹ bá fi yọ́ kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì, kò gbọ́dọ̀ ju 1% lọ, 0.1% ló dára jù. Tí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì yín bá ní platinum àti chloride, ẹ má yọ́ ọ sínú DMSO rárá, DMSO máa gba ipò chloride, kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹ ṣe mọ́.

Ẹ múra sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì yín má dé núkílíọ́sì sẹ́ẹ̀lì ààyè. Puckett àti Barton fi hàn ní 2007 pé tí lígáńdì ẹ̀gbẹ́ bá fẹ́ràn ọ̀rá, kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì dppz á wọ sẹ́ẹ̀lì HeLa dáadáa, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dúró síta núkílíọ́sì. Ẹgbẹ́ James Thomas ní Sheffield ló fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì alátọ̀mù ruthenium méjì ya DNA inú sẹ́ẹ̀lì ààyè ní 2009. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ níta núkílíọ́sì, kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ẹ fi MitoTracker (àwọ̀ tó ń fi mitochondria hàn) tàbí àwọ̀ lysosome sí i, kí ẹ mọ ibi tó wà gan-an, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí.

Ewu tó tóbi jù ni sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ ti ya, tàbí èyí tí ẹ ti fi methanol sí, á jẹ́ kí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì wọlé tààrà lọ bá DNA. Àwòrán rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á lẹ́wà, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín nípa sẹ́ẹ̀lì ààyè. Àwòrán tó bá wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi methanol sí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Láti mọ àwọn tó kú, ẹ má lo propidium iodide, àwọ̀ tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú: pupa tirẹ̀, ní nǹkan bí 617 nm, máa bo ti ruthenium mọ́lẹ̀. Ẹ fi trypan blue sí kòtò (well) sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ tọ́jú bákan náà, kí ẹ ka iye tó kú.

Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń wo sẹ́ẹ̀lì náà lè pa á. Ruthenium tí a ràn máa ń fi agbára rẹ̀ fún ọ́síjìn, ọ́síjìn yẹn á sì ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹ lè máa wò ó lójú kòrókòró kí kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tó wà níta ṣàdédé ya wọ núkílíọ́sì. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹ yà kí ìmọ́lẹ̀ tó bà á jẹ́ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ lásán wá ibi tí ẹ fẹ́ wò, kí ẹ tó ṣí búlúù, kí ẹ ya á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sún lọ sí apá tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì bà.

Ẹ lo iye ìṣẹ́jú ààyá kámẹ́rà kan náà àti agbára iná kan náà fún gbogbo gíláàsì, àti èyí tí ẹ kò fi kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì sí. Ẹ tọ́jú fáìlì gan-an bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí àwọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá gbé ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan sókè, ẹ gbé ti gbogbo wọn sókè bákan náà.

Omi tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ojú sínkì jáde. Ẹ ní ìgò kan fún ruthenium, ọ̀kan fún DMF àti àwọn sọ́fẹ́ǹtì tó kù, àti ọ̀kan lọ́tọ̀ fún ethidium bromide, àwọ̀ mìíràn tó ń wọ DNA, bí ẹ bá lò ó, nítorí ó lè yí DNA tiyín náà padà. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn àti ọjọ́ sára ìgò pẹ̀lú kálámù tí ethanol kò lè pa rẹ́, kí ẹ sì fà wọ́n lé ẹni tó ń bójú tó ìdọ̀tí kẹ́míkà ní ẹ̀ka yín lọ́wọ́.